Ẹni Tí Kò Mọ Ọjọ́, Ṣé Kí Ó Dákẹ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òwe yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú wa láti lóye. Ọ̀la lè yàtọ̀ sí òní, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn máa bèèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn, òun ni mo sì fẹ́ gbé ka iwájú yín. Bí ènìyàn bá bèèrè, tí a sì dá a lóhùn pé, ‘Nǹkan ń bọ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ọjọ́ tí yóò dé; ó lè jẹ́ lọ́la, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ikú ọmọ ọmọ rẹ,’ kí ni ó yẹ kí ó fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣé kí ó lọ kéde rẹ̀ láàrin ìlú ni, àbí kí ó pa á mọ́ sínú kí ó má baà dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ lásán?

N kò mú ìbéèrè yìí jáde láti inú ìwé nìkan. Mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo ń retí àtiwọ yunifásítì, àbúrò bàbá mi ta apá kan nínú ilẹ̀ ẹbí wa fún ọkùnrin káfíńtà kan tó wá láti ìlú mìíràn. Èmi ni wọ́n pè láti kọ ìwé àdéhùn, nítorí wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, pè mí sí ìdí ààrò, ó ní, ‘Ọmọ mi, ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tà yẹn, ẹní odò ni. Odò a máa wá sùn níbẹ̀.’ Mo bi í pé ìgbà wo ni odò sùn níbẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun kò rí i. Ìyá òun ló sọ fún òun, òun náà kò sì sọ ọdún tó jẹ́. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má ba ọjà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo kọ ìwé náà. Káfíńtà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tilẹ̀ fún mi ní owó tí mo fi ra bàtà. N kò sọ nǹkankan fún un.

Ní ọdún kẹta, nínú oṣù kẹsàn-án, odò wá sun orí ẹní rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri ilé wó lulẹ̀, omi gbé pákó àti ohun èlò iṣẹ́ ọkùnrin náà lọ, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta padà sí ìlú rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí wa. Bí ó bá ti bú wa ni, ìbá sàn fún mi.

Àwáwí tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé ìyá àgbà kò mọ ọdún, kò sì mọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì ní ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Orí àwáwí yìí ni mo wà títí di ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́ nípa etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Mo rò pé ìtàn òkúta ni mo fẹ́ kà. N kò mọ̀ pé ẹjọ́ ara mi ni.

Ní etíkun náà, láti erékùṣù Vancouver ní Kánádà títí dé àríwá California, ojú ibi kan wà lábẹ́ òkun tí ilẹ̀ ti là, gígùn rẹ̀ sì tó 1,000 kìlómítà. Cascadia ni wọ́n ń pe ojú ẹ̀là yìí. Níbẹ̀ ni àpáta ńlá pẹrẹsẹ kan tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n sọ ní Juan de Fuca, ti ń rọra wọ abẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Ìrìn rẹ̀ kò yá ju bí èékánná ọwọ́ wa ti ń hù. Bí ó bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdúró, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí àpáta méjèèjì bá fún mọ́ra, tí wọn kò yọ̀, agbára a máa kó jọ sí ojú ẹ̀là náà bí ọrun tí ọdẹ fà tí kò tíì ta. Ọjọ́ tí àpáta bá yọ̀, ilẹ̀ á mì, òkun á sì ru sókè.

Èwo ni ó ń ṣe nínú méjèèjì? Ìwé kò sọ. Àwọn òyìnbó tó ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kò dé etíkun náà títí di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, láti ìgbà tí wọ́n sì ti dé, ojú ẹ̀là yìí kò tíì mi ilẹ̀ tìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, títí di nǹkan bí ọdún 1980 sí 1985, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé àpáta náà ń yọ́ wọlé ni láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí bí àròyé náà ti lọ: kò sí ẹni tó rí i, kò sí ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀, nítorí náà kò ṣẹlẹ̀. Àròyé tèmi pẹ̀lú ìyá àgbà gan-an nìyẹn.

Ní ọdún 1986, onímọ̀ ilẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brian Atwater bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí àwọn odò tó ń ṣàn sínú òkun ní Ìpínlẹ̀ Washington. Ìgbà tí omi òkun bá fà ni ó máa ń lọ, nígbà tí ẹrẹ̀ etí odò bá hàn gbangba, irin ìwalẹ̀ ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó rí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú wà, irú èyí tí koríko àti igi ń hù lórí rẹ̀, gbòǹgbò wọn sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Lórí ilẹ̀ dúdú yìí, yanrìn fẹ́lẹ́ wà. Lórí yanrìn, ẹrẹ̀ eérú tí omi òkun máa ń kó wá ló bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko ń hù lórí rẹ̀ kì í ṣàdédé di ìsàlẹ̀ omi. Ó ní láti jẹ́ pé ó rì. Pé kò rọra rì, koríko fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i, nítorí yanrìn bá a lórí ìdúró, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó jẹrà. Ìmìtìtì ló mú ilẹ̀ rì. Ìgbì òkun ló ru yanrìn wá. Nígbà tí Atwater sì gbẹ́ ẹ jìn sí i, ó tún bá ilẹ̀ dúdú mìíràn lábẹ́ èyí, àti òmíràn lábẹ́ ìyẹn, bí aṣọ tí ìyá arúgbó ká lé ara wọn nínú àpótí. Ní ọdún 1987 ni ó tẹ ohun tó rí jáde.

Ìgbà wo ni èyí tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀? Àwọn igi kédárì ló dáhùn. Etí àwọn odò kan níbẹ̀ kún fún òkú kédárì tó ṣì dúró gbọnrangandan nínú àbàtà oníyọ̀, tí kò léwé, tí kò sì ní èèpo. Iyọ̀ ló pa wọ́n nígbà tí ilẹ̀ rì. Wọ́n kọ́kọ́ wo kábọ́ọ̀nù inú wọn, èyí tó máa ń dín kù lọ́nà tí a mọ̀ lẹ́yìn tí ohun alààyè bá ti kú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n kú láàrin nǹkan bí 1680 sí 1720. Lẹ́yìn náà ni David Yamaguchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka òrùka inú igi wọ̀nyí. Òrùka kan ni igi máa ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún; ọdún tí ojú ọjọ́ bá dára, òrùka á fẹ̀; ọdún tí kò bá dára, á tín-ín-rín. Bí a bá gbé òrùka òkú igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti igi àgbà tó ṣì wà láàyè nítòsí, fífẹ̀ àti títín-ín-rín wọn á bára mu, a ó sì lè ka ọdún. Ní 1997 wọ́n fi hàn láti ara gbòǹgbò pé àárín oṣù kẹjọ 1699 àti oṣù karùn-ún 1700 ni àwọn kédárì náà kú.

Ẹ ṣì dúró díẹ̀, nítorí ẹlẹ́rìí kan kù, òkè òkun ló sì wà. Ní Japan, wọ́n ti ń kọ ìtàn ìgbì òkun sílẹ̀ láti ayébáyé. Tsunami ni wọ́n ń pe irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Tsu ni èbúté, nami ni ìgbì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mì, àwọn ènìyàn á mọ̀ ọ́n lára, lẹ́yìn náà ni ìgbì á dé. Ṣùgbọ́n ní òru kan nínú oṣù kìíní ọdún 1700, ìgbì dé sí ọ̀pọ̀ ìlú etíkun Japan láìjẹ́ pé ilẹ̀ kankan mì. Ní Kuwagasaki, tó ti di ara ìlú Miyako báyìí, omi wó ilé 13, iná sì jó 20 mìíràn. Ìgbì tí kò ní ìyá! Ọmọ òrukàn ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní 1996, Kenji Satake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò iye wákàtí tí ìgbì á fi la òkun Pàsífíìkì kọjá, wọ́n sì tọ ọmọ òrukàn náà padà sí ilé ìyá rẹ̀: Cascadia ni, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1700, ìwọ̀n ìmìtìtì náà sì tó 9. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn kédárì wá jẹ́rìí tiwọn, ẹ̀rí méjèèjì sì ṣe rẹ́gí.

Nígbà tí mo ka ibí yìí, ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n sùn. Àwọn ènìyàn kan ti wà ní etíkun Cascadia kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ń sọ ìtàn. Àwọn Huu-ay-aht ti erékùṣù Vancouver wà lára wọn. Ní ọdún 1964, olóyè wọn kan, Louis Nookmis, sọ bí ilẹ̀ ti mì ní alẹ́ nígbà ayé àwọn baba ńlá rẹ̀, tí omi sì gbá àwọn ará ìlú tó wà ní etí òkun Pachena lọ pátápátá. Àwọn tí ilé wọn wà lórí òkè nìkan ló yè. Ẹ wò ó dáadáa. Ní alẹ́, ó wí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀wé mú wá ní ọdún 32 lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí 1864, ọkùnrin Makah kan ti sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó kan tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: òkun fà, ó padà wá, ó sì gbé ọkọ̀ ojú omi há orí igi. Odindi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìtàn náà wà lójú ìwé, tí a kà á sí àlọ́. Kò sí ohun tó fà á ju pé kò ní ọjọ́ nínú.

Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́, mo sì rí i pé iṣẹ́ àwọn tó ń walẹ̀ yìí kò jìnnà sí tiwa. Àwa Yorùbá ń pe omi ní omi, àwọn Ìgalà náà ń pè é ní omi. Bí a bá kó irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ láti ẹnu àwọn tó jẹ́ ìbátan, a lè tọ wọ́n padà sí èdè kan tí àwọn baba ńlá wọn jọ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú èdè náà. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa ní àṣà kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tò báyìí, ìràwọ̀ ni a ń fi síwájú rẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé: etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rí ló mú wa dé ibẹ̀. A kò dákẹ́, nítorí a ní ẹ̀rí. A kò sì pa irọ́ pé a gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìràwọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Kí ni ilẹ̀ Cascadia wá sọ nípa ọ̀la? Chris Goldfinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹrẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ìmìtìtì ńlá máa ń mú kí yanrìn ya wá láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè abẹ́ omi. Wọ́n ka ìmìtìtì 19 tó mi gbogbo gígùn ojú ẹ̀là náà, tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láàrin nǹkan bí 10,000 ọdún. Bí a bá pín in, ó sún mọ́ ẹ̀ẹ̀kan ní 500 ọdún. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀là kì í ka kàlẹ́ńdà. Àárín ìmìtìtì kan àti èkejì kò tó 300 ọdún nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ó sún mọ́ 1,000. Láti 1700 wá, ó ti lé ní 300 ọdún. Nítorí náà, pé yóò tún mì, ó dájú. Ọjọ́ tí yóò mì, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti pínyà. Ó ní òun mọyì iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní kí a máa sọ ọ́ ní gbangba? Ó ní àsọtẹ́lẹ̀ tí kò lọ́jọ́ kò lè ṣe ju kí ó gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó ga, kí owó ilẹ̀ sì wálẹ̀. Ó tún ní ẹni tó bá kìlọ̀, tí nǹkan náà kò sì dé lójú ayé rẹ̀, òpùrọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ á máa pè é. Ẹ̀kẹta ló mú mi lẹ́nu jù: ó ní tálákà tí kò ní ilẹ̀ mìíràn, kí ni a fún un nígbà tí a bá sọ fún un pé ibi tó ń gbé kò dára, bí kò ṣe ìbànújẹ́?

N kò fojú kéré àròyé wọ̀nyí. Mo ti ronú lé wọn lórí ju bí mo ti ronú lé ìdánwò mi lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé àṣìṣe kan náà ló wà ní ìdí méjì àkọ́kọ́: a ń ka àìmọ ọjọ́ sí àìmọ ọ̀rọ̀. Ta ni nínú wa ló mọ ọjọ́ ikú ara rẹ̀? Síbẹ̀ àgbà tó gbọ́n a máa pín ogún rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó pa dé, a kì í sì í pè é ní òpùrọ́ nítorí pé kò kú ní ọ̀la ọjọ́ tó pín in. Ẹni tó ń tún òrùlé ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò sọ ọjọ́ tí òjò á rọ̀. Ó mọ̀ pé òjò ń bẹ, ó tó.

Ti pé ìbẹ̀rù ń bẹ nínú sísọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ikú ń bẹ nínú àìsọ pẹ̀lú. Ní ọdún 869, òkun ya wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Sendai ní Japan. Ìwé ìtàn ìjọba wọn ayé ọjọ́un sọ pé nǹkan bí 1,000 ènìyàn ló rì sómi. Ní ìgbà tiwa, Koji Minoura àti àwọn mìíràn walẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, wọ́n rí yanrìn omi yẹn jìnnà sínú ilẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ ní 2001 pé irú rẹ̀ lè padà wá. Ní 2009, onímọ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ yanrìn náà kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń yẹ àwọn ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì etíkun wò. Wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kò sí nínú rẹ̀, kò sì mú kí wọ́n kánjú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì ní ìwọ̀n 9, òkun dé, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 18,000.

Ẹlòmíràn á ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí onímọ̀ máa pariwo nígbà gbogbo ni ó dára. Rárá o. Bí àìsọ ti burú, bẹ́ẹ̀ ni àsọjù àti àsọdínkù burú. Ní L'Aquila, ní Ítálì, ilẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2009 tó dé, tí ìmìtìtì ńlá fi pa 309 ènìyàn. Ṣáájú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí àwọn ará ìlú fọkàn balẹ̀. Ní 2012, ilé ẹjọ́ dá òun àti onímọ̀ mẹ́fà lẹ́bi. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn onímọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, ó sì dín ìjìyà òṣìṣẹ́ ìjọba náà kù. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ ní L'Aquila, a kò sì lè bínú sí wọn nítorí ìyẹn. Ohun tó dun àwọn ará ìlú ni pé wọ́n fi ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́wọ́ tọrẹ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n sọ láìfi ìràwọ̀ síwájú rẹ̀.

Mo wá dé orí àròyé kẹta, ti tálákà. Àwọn baba wa ti dáhùn rẹ̀: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, wọn kò fi eléré ìje ṣe é. Arọ kò lè sáré bí a bá gbóhùn ogun lẹ́yìnkùlé; àkókò ni ohun tó nílò ju gbogbo wa lọ. Nítorí náà, tálákà gan-an ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ọlọ́rọ̀ lè ṣí kúrò láàrin oṣù kan, ṣùgbọ́n tálákà ń fẹ́ ogún ọdún. Ní Aneyoshi, abúlé kékeré kan ní ìlú Miyako kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù lẹ́yìn ìgbì ọdún 1933 ri òkúta kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kí àwọn ọmọ wọn má ṣe kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abúlé apẹja ni, kò lówó. Òkúta nìkan ni wọ́n ní, wọn kò sì kọ ọjọ́ tí omi á padà sí i lára. Ní 2011 omi padà, kò sì dé ibi òkúta náà. Àwọn ilé tó wà lókè rẹ̀ dúró.

Ní etíkun Cascadia pẹ̀lú, àwọn ènìyàn ti ń gbọ́, wọ́n sì ń jiyàn, bí ó ti yẹ kí ìlú ṣe. Ní Westport, ní Washington, àwọn olùdìbò gbà ní 2013 láti san owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ga, tó sì lágbára tó láti gba nǹkan bí 1,000 ènìyàn nígbà tí òkun bá dé. Wọ́n ṣí i ní 2016. Ní Seaside, ní Oregon, wọ́n kọ̀ ní 2013 láti san owó tí a ó fi kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ sórí òkè. Ní 2016 wọ́n tún dìbò, wọ́n gbà. Ìpínlẹ̀ Oregon kan náà ti ṣe òfin ní 1995 pé kí wọ́n má kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun tàbí ilé ìwòsàn tuntun sí ibi tí ìgbì lè dé. Ní 2019, wọ́n pa òfin náà rẹ́. Inú mi kò dùn sí ti 2019. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn ará Oregon àti káfíńtà wa. Ohun tí wọ́n yàn, wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó yàn án.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi pin sí, ẹ̀yin òǹkàwé. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi sí káfíńtà ni pé odò wó ilé rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán odò. Bí odò kò bá tilẹ̀ dé títí di òní, mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí mo kọ ìwé náà, nítorí mo bá a yan ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti yàn. Ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, kí ó rẹ́rìn-ín bí àbúrò bàbá mi, kí ó sì ra ilẹ̀ náà síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó kọ́lé rẹ̀ sí apá òkè, kí ó fi ìsàlẹ̀ gbin kókò. Èmi kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ láéláé, nítorí n kò fún un láyè. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, tí kò mọ ọjọ́, gbèsè ọjọ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Gbèsè ohun tó mọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀: kí ó sọ ọ́ bí ó ti tó, kí ó fi ìràwọ̀ síwájú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀mí ara rẹ̀ pinnu.

Ìyá àgbà ti sùn ní ọdún tó kọjá. Ní oṣù tó lọ, àbúrò bàbá mi pè mí lórí fóònù, ó ní ẹlòmíràn ti fẹ́ ra ilẹ̀ náà, kí n wá kọ ìwé. Mo ní, ‘Bàbá, mo ń bọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan á kún un: pé ìyá wa sọ pé odò a máa sùn níbẹ̀, pé a kò mọ ọdún tó kọ́kọ́ sùn, pé a rí i nígbà tó sùn kẹ́yìn, a kò sì mọ ọdún tí yóò padà.’ Wọ́n dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù náà. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Títí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, wọn kò tíì pè. Bí wọ́n bá pè, ohun tí mo sọ náà ni mo ṣì máa sọ.